Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ìdáàbòbò Igbó àti Ilẹ̀ Àbàtà fún Àwọn Ẹyẹ Tó Wà Nínú Ewu Ìparun

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé irú ẹyẹ kan ti wà nínú ewu ìparun?

IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, ló ń tọ́jú àkójọ tí a mọ̀ sí Ìwé Àkọsílẹ̀ Pupa, ẹgbẹ́ BirdLife International ló sì ń bójú tó abala tó kan ẹyẹ nínú rẹ̀. Irú ẹyẹ tó wà láyé lé ní 11,000. Nínú ìròyìn tí ẹgbẹ́ náà gbé jáde ní 2022, wọ́n sọ pé bí a bá ka irú ẹyẹ mẹ́jọ, ọ̀kan nínú wọn wà nínú ewu ìparun, àti pé nǹkan bí ìdajì gbogbo irú ẹyẹ ni iye wọn ń dín kù. Wọn kì í fi bí ẹyẹ ṣe ṣọ̀wọ́n lójú ẹni tó ń wò ó ṣe ìdájọ́. Wọ́n máa ń wo bí iye rẹ̀ ṣe já wálẹ̀ sí láàárín ọdún mẹ́wàá tàbí ìran mẹ́ta, èyí tó bá gùn jù nínú méjèèjì. Wọ́n á wo bí ilẹ̀ tó ń gbé ṣe fẹ̀ tó, àti iye àwọn tó dàgbà tó yé ẹyin tó ṣẹ́kù. Bí iye náà bá fi ìdá 30 nínú 100 dín kù, a ti lè kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu. Bí ó bá fi ìdá 50 dín kù, ewu náà ti le. Bí ó bá fi ìdá 80 dín kù, ẹyẹ náà ti dé bèbè ìparun. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹyẹ tí a ṣì ń rí lójoojúmọ́ lè ti wọ inú ìwé náà, bí ó bá jẹ́ pé kíákíá ni iye rẹ̀ ń já. Irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí a tètè dìde fún, torí pé ibùgbé rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ tí a lè tún ṣe.

Kí ló dé tí gbogbo ọ̀rọ̀ fi dá lórí ibùgbé? Ṣé a kò kúkú lè máa sin àwọn ẹyẹ náà títí wọn yóò fi pọ̀?

Sísin ẹyẹ lè dá irú kan dúró kí ó má parẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kò lè dá ilé rẹ̀ padà fún un. Ẹ wo ẹyẹ aláwọ̀ aró kan tó jẹ́ ìbátan odídẹrẹ́, tí a ń pè ní Spix's macaw, ní àríwá ìlà-oòrùn Bràsíl. Ẹ̀bá àwọn odò kéékèèké tó máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń gbé, inú ihò àwọn igi ńlá tó wà létí odò náà ló sì ń yé ẹyin sí. Wọ́n gé àwọn igi náà, ẹran ọ̀sìn ń jẹ àwọn ọ̀dọ́ igi tó yẹ kí ó rọ́pò wọn, àwọn tó ń fi ẹyẹ ṣòwò sì ń kó ìwọ̀nba tó kù. Ọdún 2000 ni a rí èyí tó kẹ́yìn, akọ kan ṣoṣo, nínú igbó. Àwọn tó wà lọ́wọ́ àwọn asinyẹ ló jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹ́kù, ọdún 2022 ni wọ́n sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sílẹ̀ padà. Kí ìyẹn tó lè ṣẹlẹ̀, ìjọba Bràsíl ní láti kọ́kọ́ ya ilẹ̀ àtijọ́ àwọn ẹyẹ náà sọ́tọ̀ ní 2018. Ẹyẹ tí kò ní ibi tí a ó tú u sí, inú àgò ni yóò wà títí ayé rẹ̀.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń gba ilẹ̀ sí i àti igi gígé ló wà ní iwájú pátápátá nínú ohun tó ń lé ẹyẹ kúrò nílé káàkiri àgbáyé. Ọdẹ ṣíṣe, ẹyẹ títà, àti àwọn ẹranko àjèjì bí ológbò àti eku tí ènìyàn gbé dé àwọn erékùṣù pẹ̀lú ń ba nǹkan jẹ́, wọ́n sì máa ń pa ẹyẹ run kíákíá nígbà tí ibùgbé bá ti kéré.

Bí a bá gé igi tí a sì gbin òmíràn dípò rẹ̀, ṣé kò ti parí?

Kò parí. Ibí yìí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà máa ń fúnni ní ewé àti òjìji, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹyẹ inú igbó ń wá ohun tí ọjọ́ orí nìkan ń fi fún igi: ihò ńlá, ẹ̀ka tó ti kú, èèpo tó ti la, àti ìtì igi tó ṣubú tí kòkòrò ń gbé inú rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ irú àtíálá, abo máa ń wọ inú ihò igi, yóò sì fi ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ ara rẹ̀ dí ẹnu ihò náà títí yóò fi ku ojú tóóró kan tí akọ yóò máa gbà fún un lóúnjẹ. Ara wọn tóbi, wọn kò sì lè gbẹ́ ihò fúnra wọn, nítorí náà igi tó ti gbó tí ihò ti wà lára rẹ̀ ni wọ́n gbára lé. Èso lè kún inú igbó bámúbámú. Bí wọ́n bá ti gé àwọn àgbà igi, àtíálá tó kù níbẹ̀ yóò máa jẹun lọ láìbímọ, ẹni tó ń ti ojú ọ̀nà wò ó yóò sì rò pé àlàáfíà ni.

Irú àkókó kan wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ red-cockaded woodpecker. Inú igi páìnì tó ṣì ń hù ló ń gbẹ́ ihò rẹ̀ sí, igi náà sì gbọ́dọ̀ ti tó bí ọgọ́ta tàbí ọgọ́rin ọdún, nígbà tí irú olú kan tó ń hù nínú igi ti mú àárín rẹ̀ rọ̀. Bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ihò kan ṣoṣo lè gbà á lọ́pọ̀ ọdún. Nígbà tí ìjì Hugo jà ní 1989, ó wó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn igi tí ihò wà lára wọn nínú igbó Francis Marion ní South Carolina. Igi tuntun kò lè gba àwọn ẹyẹ náà là nígbà yẹn, torí pé ogójì ọdún pàápàá kò tó. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayùn dá ihò sára àwọn igi tó ṣẹ́kù, wọ́n sì ń ki àpótí onígi bọ inú rẹ̀ kí ẹyẹ lè rí ibi sùn. Ọ̀nà yẹn, pẹ̀lú iná tí wọ́n ń fi ìṣọ́ra dá láti pa igbó abẹ́ igi mọ́lẹ̀, ló jẹ́ kí ìjọba Amẹ́ríkà lè mú ẹyẹ náà kúrò ní ipò ewu tó le jù ní 2024, lẹ́yìn tí ó ti wà nínú àkójọ náà láti 1970.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má lọ rò pé àgbà igbó ni gbogbo ẹyẹ ń fẹ́. Ẹyẹ kékeré kan tí a ń pè ní Kirtland's warbler, ní Michigan, kì í kọ́ ìtẹ́ síbi tó yàtọ̀ sí abẹ́ igi páìnì kéékèèké tí wọ́n sún mọ́ra, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín nǹkan bí ọdún márùn-ún sí ogún. Iná igbó ló máa ń pèsè irú ibẹ̀ láyé àtijọ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn wá ń pa gbogbo iná, igi dàgbà kọjá ohun tí ẹyẹ náà lè lò, àwọn akọ tó ń kọrin tí wọ́n kà ní 1987 kò sì ju 167 lọ. Láti gbà á là, wọ́n ń gé igi wọ́n sì ń tún un gbìn ní ìpín-ìpín, kí ọ̀dọ́ igi má bàa wọ́n níbẹ̀ nígbà kankan, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún dín ẹyẹ tó ń yé ẹyin sínú ìtẹ́ ẹlòmíràn kù. Ní 2019, a yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àkójọ àwọn tó wà nínú ewu ní Amẹ́ríkà. Kí a tó sọ pé a ń dáàbò bo igbó fún ẹyẹ, ó yẹ kí a lè sọ ẹyẹ wo ni, àti ohun tí ó ń wá nínú igbó náà.

Igbó náà ṣì wà, ṣùgbọ́n oko àti ọ̀nà ti gé e sí wẹ́wẹ́. Ṣé ó ṣì wúlò?

Ó wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo ẹyẹ tó ti ń gbé ibẹ̀. Ní 1979, onímọ̀ nípa ohun alààyè kan, Thomas Lovejoy, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan nítòsí Manaus ní Bràsíl, níbi tí wọ́n ti ń gé igbó yí ká láti sọ ọ́ di pápá ẹran ọ̀sìn. Wọ́n dá àwọn ègé igbó sí, àwọn kan jẹ́ hẹ́kítà 1, àwọn kan 10, àwọn kan 100, wọ́n sì ń ṣọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn. Lára àwọn tó kọ́kọ́ parẹ́ nínú àwọn ègé kéékèèké ni àwọn ẹyẹ tó máa ń tẹ̀ lé ọ̀wọ́ ìjàlọ láti gbé kòkòrò tó ń sá fún un. Ọ̀wọ́ ìjàlọ kan ń fẹ́ ilẹ̀ tó gbòòrò, ẹyẹ tó ń tẹ̀ lé e sì ń fẹ́ ọ̀wọ́ púpọ̀, kí ó lè rí ọ̀kan tó ń rìn lọ́jọ́ tí òmíràn bá sinmi. Igi kò tán nínú àwọn ègé náà; oúnjẹ ló tán.

Ewu tún wà ní etí igbó. Oòrùn àti atẹ́gùn máa ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ilẹ̀ a gbẹ, àwọn àgbà igi a máa wó, àwọn ẹranko tó ń kó ẹyin jẹ a sì rọ́nà wọlé. Bí ègé bá ṣe kéré tó ni etí rẹ̀ ṣe ń pọ̀ ju àárín lọ. Àwọn ẹyẹ abẹ́ igbó kan wà tí kì í fò kọjá gbangba rárá, ìbáà jẹ́ ìwọ̀nba ojú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí fífi igi so ègé igbó kan mọ́ èkejì, pàápàá lẹ́bàá odò, fi máa ń ṣàǹfààní ju kí a dá igbó tuntun kékeré sílẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn.

Kí ni a ń pè ní ilẹ̀ àbàtà?

Àdéhùn àgbáyé lórí ilẹ̀ àbàtà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìlú Ramsar ní orílẹ̀-èdè Iran ní ọjọ́ 2, oṣù Kejì, ọdún 1971, fún un ní ìtumọ̀ tó gbòòrò: irà, ẹrẹ̀, adágún, etí odò, igbó ẹ̀gbà, oko ìrẹsì olómi, títí dé etí òkun tí jíjìn omi rẹ̀ kò ju mítà mẹ́fà lọ nígbà tí omi bá fà. Ìròyìn tí àwọn alábòójútó àdéhùn náà gbé jáde ní 2018 sọ pé nǹkan bí ìdá 35 nínú 100 ilẹ̀ àbàtà ayé ló pòórá láàárín 1970 sí 2015. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń wo irà bí ilẹ̀ tó ṣòfò, tí a kàn ní láti fa omi rẹ̀ jáde kí ó tó wúlò. Ìwòye yìí ló pa á lára jù.

Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀, kí ló tún kù?

Bí omi ṣe jìn tó, ìgbà tó dé, ìgbà tó lọ, àti ohun tó gbé wá. Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú tó ń ṣa kòkòrò lórí ẹrẹ̀ kò lè lo omi tó dé orúnkún àgùfọn, bẹ́ẹ̀ ni pẹ́pẹ́yẹ tó ń rì sísàlẹ̀ kò lè lo ẹrẹ̀ lásán. Ilẹ̀ àbàtà tó dára máa ń ní oríṣiríṣi jíjìn lẹ́ẹ̀kan náà, omi rẹ̀ a sì máa kún a sì máa fà bí àkókò ṣe ń yí.

Odò Senegal fi èyí hàn wá kedere. Nígbà tí wọ́n parí ìdídò Diama nítòsí ẹnu odò náà ní 1986, omi iyọ̀ kò lè gòkè mọ́, omi dídùn sì dúró lójú kan jálẹ̀ ọdún. Omi kò wọ́n ní apá òkè ìdídò náà, síbẹ̀ ìbàjẹ́ ló tẹ̀ lé e, torí pé koríko omi kan tó ga ju ènìyàn lọ bo ojú omi tí ẹyẹ ti ń jẹun mọ́lẹ̀. Ní apá ìsàlẹ̀, ní Mauritania, ilẹ̀ gbẹ, iyọ̀ sì gba orí rẹ̀. Wọ́n dá ọgbà ìdáàbòbò Diawling sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1991, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí omi sí i ní àsìkò tí ìkún omi àtijọ́ máa ń dé. Koríko padà, ẹja padà, àwọn ẹyẹ omi náà padà, àwọn obìnrin tó ń fi koríko etí omi hun ẹní sì tún rí ohun èlò iṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni mímọ ìgbà tó yẹ kí a ṣí ilẹ̀kùn omi àti ìgbà tó yẹ kí a tì í.

Ṣé bí ẹyẹ bá pọ̀ níbì kan, ibẹ̀ dára nìyẹn?

Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun tó kó wọn jọ ni pé àwọn irà yòókù lágbègbè náà ti gbẹ. Àìsàn máa ń yára tàn nínú irú àpéjọ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ kì í sì í pẹ́ tán. Ẹ bèèrè iye ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà níbẹ̀ kí ẹ tó yin ibẹ̀.

Àwọn ẹyẹ tó ń rìnrìn àjò láti ilẹ̀ kan sí òmíràn ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tiwọn ló le jù, nítorí ibùgbé wọn kì í ṣe ibì kan. Ní 2022, irú ẹyẹ etí òkun kan tí a ń pè ní bar-tailed godwit gbéra ní Alaska, ó sì balẹ̀ sí Tasmania ní Ọsirélíà lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, ó fo 13,560 kìlómítà láìdúró, láìjẹ, láìmu. Irú rẹ̀ kò lè fo báyìí ní àlọ àti àbọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń padà sí àríwá láti lọ yé ẹyin, wọ́n ní láti dúró lórí ẹrẹ̀ etí òkun Yellow Sea, láàárín Ṣáínà àti Kòríà, kí wọ́n jẹun títí ọ̀rá yóò fi padà sára wọn. Láàárín nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ó tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹrẹ̀ náà tó ti lọ, wọ́n fi ògiri gé òkun, wọ́n sì kọ́ ilé àti ilé iṣẹ́ lé e lórí. Ẹyẹ kékeré spoon-billed sandpiper, tí ẹnu rẹ̀ rí bí ṣíbí, tó ń yé ẹyin ní ìpẹ̀kun àríwá ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà, wà ní bèbè ìparun báyìí, pípòórá àwọn ibùdó ìsinmi wọ̀nyí sì wà lára ohun tó fà á.

Ìyípadà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣáínà kéde ní 2018 pé òun yóò fòpin sí èyí tó pọ̀ jù nínú gbígba ilẹ̀ lọ́wọ́ òkun. UNESCO fi apá kan etí òkun Ṣáínà náà sínú àwọn ohun ìní àgbáyé ní 2019, ó sì fi ẹrẹ̀ etí òkun Gúúsù Kòríà kún un ní 2021. Ó dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rántí èyí tí a kò tètè ràn lọ́wọ́. Slender-billed curlew, tó ń ti àárín gbùngbùn Éṣíà wá sí etí òkun Mẹditaréníà nígbà òtútù, ni a rí kẹ́yìn dájúdájú ní Merja Zerga ní Mòrókò ní 1995. Ní 2025, IUCN kéde pé ó ti run. Ilẹ̀ àbàtà Merja Zerga ṣì wà níbẹ̀.

Ṣé ibì kan wà tí ìsapá yìí ti yọrí sí rere?

Ó wà, ó sì pọ̀ ju bí àwọn tó ti sọ̀rètí nù ṣe rò lọ. Àgùfọn funfun ńlá ti Amẹ́ríkà Àríwá, whooping crane, kù sí nǹkan bí 22 péré ní 1941. Ibi tí wọ́n ń lò nígbà òtútù ní Aransas, ní Texas, ti di ilẹ̀ ààbò ní 1937. Ọdún 1954 ni a tó mọ ibi tí wọ́n ti ń yé ẹyin, inú ọgbà Wood Buffalo ní Kánádà, ibi tó jẹ́ pé ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n ti dáàbò bò ó láti 1922. Ilẹ̀ méjèèjì ló gbà wọ́n là. Ọ̀wọ́ náà ti lé ní 500 báyìí, síbẹ̀ akán tí wọ́n ń jẹ ní Aransas gbára lé omi dídùn tó ń ti odò wọ etí òkun, tí àwọn ìlú pẹ̀lú ń fà lò. Ìdáàbòbò wọn kò lè dúró sí ààlà ọgbà náà.

Lórí erékùṣù Cousin ní Seychelles, ẹyẹ kékeré Seychelles warbler kò tó 30 mọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ tó di BirdLife lónìí ra erékùṣù náà ní 1968. Oko àgbọn ló bo ibẹ̀. Wọ́n yọ ọ̀pọ̀ àgbọn náà kúrò, igbó ìbílẹ̀ sì hù padà fúnra rẹ̀. Ẹyẹ náà kún erékùṣù náà dé ibi pé wọ́n kó lára wọn lọ sí àwọn erékùṣù mìíràn.

Àwọn ènìyàn tó ń gbé lágbègbè náà ńkọ́? Ṣé a ó lé wọn ni?

Mo lòdì sí i pátápátá, fún ìdí méjì: kò tọ́, kì í sì í ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí a gba ilẹ̀ rẹ̀ kò ní ìdí kankan láti ṣọ́ ìtẹ́ ẹyẹ.

Ní 1981, àwọn onímọ̀ rí crested ibis méje, gbogbo èyí tí wọ́n mọ̀ pé ó kù nínú igbó, ní Yangxian ní Ṣáínà. Inú oko ìrẹsì àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Dípò kí wọ́n lé àgbẹ̀, ohun tí wọ́n fòfin dè ni gígé igi ìtẹ́ àti lílo oògùn apakòkòrò nínú oko ìrẹsì náà, wọ́n sì ń jẹ́ kí omi dúró nínú oko nígbà òtútù. Ẹyẹ náà ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún báyìí. Ní Assam, ní Íńdíà, àkọ̀ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní hargila ń kọ́ ìtẹ́ sórí igi tó wà nínú àgbàlá àwọn ènìyàn, wọ́n sì kórìíra rẹ̀ nítorí òórùn àti ìdọ̀tí tó ń já sílẹ̀. Purnima Devi Barman, onímọ̀ nípa ẹranko, kó àwọn obìnrin abúlé jọ. Wọ́n ń hun àwòrán ẹyẹ náà sára aṣọ tí wọ́n ń tà, wọ́n sì ń ṣọ́ àwọn igi náà fúnra wọn. Ní 2023, IUCN yọ hargila kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn tó wà nínú ewu ìparun.

Àwọn orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sí i pé àwọn yóò dáàbò bo ìdá 30. Ṣé ìyẹn kò tó?

Ní oṣù Kejìlá 2022, wọ́n ṣe àdéhùn ní Montreal pé kí ìdá 30 nínú 100 ilẹ̀ àti omi ayé wà lábẹ́ ààbò nígbà tí yóò bá fi di 2030. Ète tó dára ni. Ohun tí mo ń ṣọ́ra fún ni pé ó rọrùn fún ìjọba láti ya aṣálẹ̀ àti orí òkè olókùúta tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ sọ́tọ̀, kí nọ́ńbà náà lè pé, nígbà tí wọ́n ń fa omi irà kan ṣoṣo tí àwọn ẹyẹ nílò gbẹ. Ẹ máa bèèrè ibi tí ilẹ̀ náà wà, ẹni tó ń ṣọ́ ọ, àti bóyá owó iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́dọọdún.

Kí ni ẹni tí kò ní ilẹ̀, tí kì í sì í ṣe onímọ̀, lè ṣe?

Ẹ lè máa ka ẹyẹ. Láti 1967 ni àwọn ènìyàn ti ń jáde ní oṣù Kìíní ọdọọdún láti ka ẹyẹ omi ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ojúlé eBird lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí Cornell Lab, ilé ìwádìí ẹyẹ kan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ń gba àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ibi kan náà, ní àkókò kan náà, lọ́nà kan náà lọ́dọọdún, ni kí ẹ ti máa kà. Ọjọ́ tí ẹ kò bá rí ẹyẹ kan pàápàá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí pé àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí a mọ ìgbà tí iye ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ẹ má ra ẹyẹ tí a mú láti inú igbó. Odídẹrẹ́ eléérú ti ilẹ̀ Áfíríkà wà nínú ewu, CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, sì ti ka títa èyí tí a mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀ láti ìpàdé ọdún 2016. Ẹ jìnnà sí ìtẹ́. Òbí tí a bá lé kúrò lórí ẹyin nínú oòrùn lè pàdánù gbogbo ẹyin náà láàárín àkókò díẹ̀. Ẹ so ajá yín mọ́ okùn nítòsí etí omi tí ẹyẹ ti ń sinmi. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ bá sì kéde pé òun fẹ́ dí irà kan tàbí gé igbó kan, ẹ lọ síbi ìpàdé tí wọ́n ti ń jíròrò rẹ̀, kí ẹ sì mú àkọsílẹ̀ ẹyẹ tí ẹ ti ń kà lọ́dọọdún dání.